Ohun Tí Kò Jẹ́ Kí Kìmónò Parun

Ìtumọ̀ orúkọ náà, kìmónò, lédè àwọn ará Jàpáànì kò ju "ohun wíwọ̀" lọ. Láyé àtijọ́, orúkọ yìí kò dúró fún aṣọ ìbílẹ̀ kankan, nítorí kò sí ẹni tí í pe aṣọ ọrùn rẹ̀ ní aṣọ ìbílẹ̀ nígbà tí kò tíì rí òmíràn tí yóò fi í wé. Ìgbà tí àwọn ọkọ̀ ogun Amẹ́ríkà já wọ etíkun wọn lọ́dún 1853, tí ilẹ̀kùn tí wọ́n ti tì fún ohun tó lé ní igba ọdún sì ṣí, tí kóòtù àti ṣòkòtò òyìnbó wá rọ́ wọlé, ni ó tó di ọ̀ranyàn láti ya aṣọ sọ́nà méjì. Wọ́n pe ọ̀kan ní wafuku, aṣọ Jàpáànì. Wọ́n pe èkejì ní yofuku, aṣọ òyìnbó. Láti ìgbà náà ni ohun wíwọ̀ lásán ti di àmì orílẹ̀-èdè, tí ẹni tó wọ̀ ọ́ sì ń sọ nǹkan kan fún aráyé, yálà ó fẹ́ bẹ́ẹ̀ tàbí kò fẹ́.

Ohun tí mo fẹ́ tọ pinpin rẹ̀ níhìn-ín ni bí aṣọ tí ìjọba fúnra rẹ̀ pàṣẹ pé kí àwọn ìjòyè bọ́ sílẹ̀ ṣe wà láàyè títí di òní. Àwọn kan a máa dáhùn kíákíá pé ìfẹ́ àṣà ló fà á, pé àwọn ará Jàpáànì kò gbàgbé ilé. Ìdáhùn náà dùn-ún gbọ́, ṣùgbọ́n ìtàn kò tì í lẹ́yìn tó bẹ́ẹ̀. Kìmónò wà nítorí pé ó mọ bí a ti í yí padà, àti nítorí pé orí àwọn obìnrin ni a di ẹrù rẹ̀ lé.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo bí a ti ń rán an. Láti inú ìdì aṣọ kan ṣoṣo ni ó ti ń jáde, èyí tí gígùn rẹ̀ tó nǹkan bí mítà 12, tí ìbú rẹ̀ kò sì ju nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 36 lọ. Ẹni tó bá ti rí bí a ti ń so ìlà aṣọ òkè pọ̀ yóò tètè lóye ọ̀rọ̀ náà. Òòró gbọọrọ ni gbogbo gígé rẹ̀. Kò sí ibi tí ọ̀bẹ ti yí kọ́rọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò sí àjákù tí a ó dà nù: ègé méjì fún ara, méjì fún apá, méjì tóóró fún iwájú, ọ̀kan fún ọrùn àti ọ̀kan tí yóò bo ọrùn náà. Kò ní bọ́tìnnì. Ọ̀já tí wọ́n ń pè ní obi ló ń dè é mọ́ra. Bí ó bá dọ̀tí, wọ́n lè tú gbogbo ojú rírán rẹ̀, kí wọ́n fọ àwọn ègé náà lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n nà wọ́n kí wọ́n gbẹ, kí wọ́n sì tún wọn rán padà. Bí àwọ̀ rẹ̀ bá ṣá, a lè pa á láró mìíràn. Bí ìyá bá wọ̀ ọ́ tó, ọmọ a gbà á. Bí ó bá gbó, a gé e fún ọmọdé. Nígbà tí ó bá sì di àkísà tán, a fi nu ilẹ̀. Ẹni tó sanra àti ẹni tó tẹ́ẹ́rẹ́ lè wọ ẹyọ kan náà, nítorí ìgbà tí a bá ń fi í wé ara ni a tó ń dín in tàbí fẹ̀ ẹ́. Aṣọ tó ṣeé tú, tó ṣeé tún rán báyìí, kò yá kú.

Wíwọ̀ rẹ̀ náà ní òfin. Lọ́dún 719 ni ààfin ti pàṣẹ pé apá òsì aṣọ ni kí ó máa borí apá ọ̀tún, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń ṣe é ní Ṣáínà. Òkú nìkan ni wọ́n ń fi apá ọ̀tún borí òsì fún. Àlejò tí kò mọ̀, tó sì dì í bó ṣe wù ú, a dédé rí i tí àwọn àgbà obìnrin ń sáré bọ̀ wá tún un ṣe fún un.

Kosode ni bàbá ńlá aṣọ tí a mọ̀ lónìí. Aṣọ tí ojú ọwọ́ rẹ̀ kéré ni, èyí tí àwọn ọlọ́lá ìgbà Heian (794 sí 1185) ń wọ̀ ní àwọ̀tẹ́lẹ̀ sábẹ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ aṣọ mìíràn. Díẹ̀díẹ̀ ni àwọ̀tẹ́lẹ̀ yìí jáde síta, tí ó fi di pé nígbà ìjọba Edo (1603 sí 1868) òun ni tọkùnrin tobìnrin, olówó àti tálákà, ń wọ̀. Ibẹ̀ ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn oníṣòwò Edo, Osaka àti Kyoto lówó lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ipò wọn wà nísàlẹ̀ àwọn jagunjagun samurai, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn sì jẹ àwọn oníṣòwò náà ní gbèsè. Ìjọba shogun kò fẹ́ rí i kí ẹni tó rẹlẹ̀ ní ipò máa wọṣọ ju ẹni tó ga lọ. Léraléra ni wọ́n ṣòfin tó ka iṣẹ́ abẹ́rẹ́ olówùú wúrà, àwọn àwọ̀ kan, àti oríṣi àwọn ṣẹ́dà kan léèwọ̀ fún wọn. Àwọn oníṣòwò gbọ́, wọ́n sì tẹríba. Wọ́n wọ aláwọ̀ eérú àti aláwọ̀ ilẹ̀ síta, wọ́n wá fi ṣẹ́dà tí a ya àwòrán àrà sí tẹ́ inú rẹ̀. Ẹni tó bá pàdé wọn lójú pópó yóò rò pé wọn kò ní. Àfi bí ẹ̀fúùfù bá fẹ́ etí aṣọ ni ojú ń tó nǹkan tó wà nínú. Àwọn aláró pàápàá, nígbà tí wọ́n rí i pé eérú àti àwọ̀ ilẹ̀ ló kù, wá oríṣiríṣi eérú jáde, débi tí ó fi di àṣàyàn ọ̀rọ̀ láàárín wọn pé àwọ̀ ilẹ̀ jẹ́ 48, eérú sì jẹ́ 100. Òfin tó fẹ́ ká wọn lọ́wọ́ kò ló kọ́ wọn ní ẹwà tí kì í pariwo, ẹwà tí gbogbo ayé wá ń yìn wọ́n fún lónìí.

Ìjọba Meiji dé lọ́dún 1868. Àwọn tó wà nídìí ètò mọ̀ pé àdéhùn ìrẹ́jẹ tí àwọn òyìnbó mú wọn tọwọ́ bọ̀ kò ní yí padà àfi bí àwọn òyìnbó náà bá kà wọ́n sí ọ̀làjú, òyìnbó kì í sì í ka ẹni tí kò wọ ṣòkòtò tó fún mọ́ ẹsẹ̀ sí ọ̀làjú. Aṣọ di ọ̀ràn ìṣèlú. Lọ́dún 1871 ni ìwé kan jáde lórúkọ Ọba, tó sọ pé aṣọ ààfin, tí wọ́n rí kọ́ lọ́dọ̀ àwọn ará Ṣáínà, ń mú wọn dàbí aláìlágbára, pé kí àwọn ìjòyè wá aṣọ tó yẹ ọkùnrin wọ̀. Lọ́dún 1872 aṣọ òyìnbó di aṣọ ayẹyẹ ìjọba. Nígbà tó di 1873, Ọba Meiji fúnra rẹ̀ ti gé irun, wọ́n sì ya fọ́tò rẹ̀ nínú aṣọ ológun bíi ti àwọn ọba ilẹ̀ Yúróòpù.

Àwọn obìnrin ńkọ́? Àwọn kan nínú wọn gé irun bíi ti ọkùnrin, wọ́n rò pé ọ̀làjú kan gbogbo ènìyàn. Ìlú Tokyo fòfin dè wọ́n lọ́dún 1872. Ìyàtọ̀ yìí ló ṣe kókó ju gbogbo àṣẹ Ọba lọ. Ohun tí wọ́n fi yin ọkùnrin ni wọ́n fi bú obìnrin. Òótọ́ ni pé Olorì Haruko bẹ̀rẹ̀ sí í wọ aṣọ òyìnbó ní gbangba lọ́dún 1886, tí ó sì kọ ìwé kan ní oṣù Kìíní ọdún 1887 láti rọ àwọn obìnrin pé kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Àròyé tó ṣe nínú rẹ̀ mú ọgbọ́n dání: ó ní aṣọ ìgbàanì ní Jàpáànì jẹ́ ti òkè àti ti ìsàlẹ̀, gẹ́gẹ́ bíi ti òyìnbó, nítorí náà ẹni tó bá wọ búláùsì àti síkẹ́ẹ̀tì ń padà sílé ni; ó sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi aṣọ tí a hun nílé rán an. Àwọn ìyàwó ìjòyè díẹ̀ gbọ́, wọ́n wọ̀ ọ́ lọ jó ní gbọ̀ngàn Rokumeikan. Àwọn yòókù kò ní owó rẹ̀, ọkọ wọn kò sì fẹ́ ẹ. Báyìí ni ó ṣe di pé ọkọ a wọ kóòtù lọ sí ọ́fíìsì, bó bá délé a bọ́ ọ, a wọ kìmónò jókòó lórí ẹní. Ìyàwó ní tirẹ̀ wà nínú kìmónò láàárọ̀ àti lálẹ́. Ìta di ti òyìnbó, ilé di ti Jàpáànì. Ẹni tí a fi sílé ni a fi ṣọ́ ilé. Wọn kò bi àwọn obìnrin bí wọ́n bá fẹ́ iṣẹ́ náà.

Apá kan ìtàn yìí wà tí kì í tán lọ́kàn mi. Ní ìgboro Kyoto ni àdúgbò àwọn ahunṣọ tí wọ́n ń pè ní Nishijin wà, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni "ibùdó ogun apá ìwọ̀-oòrùn", nítorí ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ ọmọ ogun kan pàgọ́ sí nígbà ogun Onin (1467 sí 1477). Lẹ́yìn ogun, àwọn ahunṣọ tó ti sá kúrò padà wá, wọ́n sì tẹ̀dó síbẹ̀. Fún ìrandíran ni wọ́n fi ń hun aṣọ fún ààfin. Nígbà tí Ọba kó lọ sí Tokyo lọ́dún 1869, tí àwọn ìjòyè tó kù tún ń wọ kóòtù, ebi wọlé tọ̀ wọ́n. Kí ni wọ́n ṣe? Lọ́dún 1872 ni Kyoto rán ọkùnrin mẹ́ta lọ sí ìlú Lyon ní ilẹ̀ Faransé, kí wọ́n lọ kọ́ ẹ̀rọ ìhunṣọ Jacquard, èyí tó ń fi páálí tí a lu ní ihò darí òwú. Méjì nínú wọn kó ẹ̀rọ náà délé. Ẹnì kẹta, Yoshida Chushichi, bómi lọ nígbà tí ọkọ̀ òkun tó ń gbé e bọ̀ rì ní etíkun Jàpáànì lọ́dún 1874, nígbà tí ilé ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé. Àwọn oníṣẹ́ igi Nishijin wo ẹ̀rọ náà dáadáa, wọ́n fi igi ṣe irú rẹ̀, ó sì tàn káàkiri. Ọ̀já obi tí àlejò ń fọwọ́ pa lónìí tó ń sọ pé ẹ̀mí Jàpáànì gan-an rèé, ọgbọ́n ará Faransé wà nínú ìhun rẹ̀. Ẹni tó bá ń wá àṣà tí ọwọ́ àjèjì kò kàn rí, kí ó má wulẹ̀ yà sí Nishijin.

Bákan náà ni ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ ṣe sọ ṣẹ́dà di ohun tí ọwọ́ mẹ̀kúnnù tó. Ní àwọn ọdún 1920 àti 1930, meisen, ṣẹ́dà olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n ń hun ní Isesaki, Chichibu àti Ashikaga, ni àwọn ọmọbìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní ìlú ń wọ̀, pẹ̀lú àwòrán gbàgànràn-gbaganran tí wọ́n wò lára iṣẹ́ ọnà Yúróòpù. Kò sí ohun tó jọ àtijọ́ nínú rẹ̀ ju bí a ti gé e lọ.

Ìtàn kan wà tí wọ́n máa ń pa nípa ìgbà yìí. Ní ọjọ́ 16 oṣù Kejìlá ọdún 1932, iná jó ilé ìtajà ńlá Shirokiya ní Tokyo, ènìyàn 14 sì kú. Wọ́n ní àwọn obìnrin olùtajà tó ń fi okùn sọ̀ kalẹ̀ fi ọwọ́ kan di etí kìmónò wọn mú kí ìhòòhò wọn má bàa hàn, nítorí wọn kì í wọ pátá, ni wọ́n fi já bọ́. Wọ́n ní láti ọjọ́ náà ni obìnrin Jàpáànì ti yíjú sí aṣọ òyìnbó. Ìtàn náà mọ́ jù fún mi. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá ilé ìtajà náà ló fi ọ̀rọ̀ yìí lé àwọn oníwèé-ìròyìn lọ́wọ́, àwọn onímọ̀ bíi Inoue Shoichi sì ti yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n rí i pé kò dúró. Lẹ́yìn iná náà, kìmónò ṣì ni ọ̀pọ̀ obìnrin ń wọ̀. Kì í ṣe ọjọ́ kan ni aṣọ ń kúrò lára ènìyàn.

Ogun ló bọ́ ọ kúrò. Ní oṣù Keje ọdún 1940 ni ìjọba fòfin de ṣíṣe àti títa ohun afẹ́, tí wọ́n sì kọ ọ́ kiri ìgboro pé ọ̀tá ni fàájì. Àwọn obìnrin tí apá kìmónò wọn gùn ni àwọn obìnrin ẹlẹgbẹ́ wọn ń dá dúró lójú títì tí wọ́n ń sọ fún pé kí wọ́n lọ gé e. Monpe, ṣòkòtò bàgẹ̀bagẹ tí àwọn àgbẹ̀bìnrin ń wọ̀ lọ sóko, di aṣọ gbogbo wọn, ọ̀pọ̀ ló sì já kìmónò wọn palẹ̀ láti fi rán an. Èyí tó ṣẹ́kù sínú àpótí ni ebi lé jáde lẹ́yìn ogun. Láàárín ọdún 1945 sí nǹkan bí 1948, oúnjẹ tí ìjọba ń pín kò tó jẹ. Àwọn ará ìlú a di kìmónò ìyàwó, a di ti ìyá, wọ́n a wọ rélùwéè tó kún àkúnya lọ sí ìgbèríko, láti fi wọ́n ṣe pàṣípààrọ̀ fún ìrẹsì àti ànàmọ́ lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀. Wọ́n pe irú ìgbé ayé bẹ́ẹ̀ ní takenoko, èyí ni èèhù ọparun, tí a máa ń bó ní ìpele-ìpele títí tí kò fi ní kù nǹkan kan. Ẹ wo ohun tí èyí túmọ̀ sí. Aṣọ tí a ti fún obìnrin ní ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀, èyí tí ó jẹ́ tirẹ̀ nígbà tí ilé àti ilẹ̀ jẹ́ ti ọkọ, òun ló di oúnjẹ ọmọ. Mo rò pé nínú gbogbo iṣẹ́ tí kìmónò ti ṣe láti ọjọ́ tó ti wà, kò sí èyí tó tó ìyẹn.

Nígbà tí ara tún rọ̀ wọ́n, àwọn obìnrin kọ́ ìránṣọ òyìnbó, wọ́n ń wọ gáùn lọ síbi iṣẹ́. Ìyá kò kọ́ ọmọ ní kìmónò dídì mọ́, nítorí ìyá pàápàá ti wà nínú monpe ní ìgbà èwe rẹ̀. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ kìmónò wá yọ ní àwọn ọdún 1960, wọ́n ń gba owó láti kọ́ni ní ohun tí gbogbo ọmọbìnrin ti ń mọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ tẹ́lẹ̀, wọ́n sì ń fúnni ní ìwé-ẹ̀rí. Wọ́n gba aṣọ náà là, èmi kò jiyàn. Ṣùgbọ́n wọ́n tún so ó mọ́lẹ̀. Irú èyí fún ọmọge, irú èyí fún adélébọ̀. Òdòdó yìí kò gbọdọ̀ kọjá oṣù báyìí. Ọ̀já kò gbọdọ̀ ní ẹyọ ìwẹ̀ kan. Ohun tí ìyá àgbà wọn máa ń wọ̀ se ọbẹ̀, tí wọ́n ń ká apá rẹ̀ sókè, di ohun tí ènìyàn ń bẹ̀rù láti fọwọ́ kàn. Owó rẹ̀ náà ga. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, owó tó ń wọlé lọ́dún nídìí òwò yìí lé ní tíríọ̀nù kan yẹ́ẹ̀nì. Nígbà tó fi máa di 2016, kò tó bílíọ̀nù 300 mọ́.

Ayẹyẹ ló kù tó ń gbé e ró. Ní oṣù Kìíní, nígbà tí àwọn ìlú bá ń kí àwọn ọ̀dọ́ tó pé ogún ọdún kú oríire, furisode, kìmónò ọmọge tí apá rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ́lẹ̀, ni àwọn ọmọbìnrin ń wọ̀. Ọ̀pọ̀ ń yá a ni, wọ́n sì ń sanwó sílẹ̀ láti ọdún kan tàbí méjì ṣáájú. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kìíní ọdún 2018, ilé-iṣẹ́ kan tó ń yáni ní furisode ní Yokohama àti àwọn ìlú mìíràn ti ilẹ̀kùn pa lójijì. Àwọn ọmọbìnrin dé ibi tí wọ́n ti fẹ́ wọṣọ fún wọn ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, wọn kò bá ẹnikẹ́ni. Àwọn kan sunkún padà sílé. Àwọn mìíràn rí ẹni yá wọn ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ṣì tún ní láti wá ẹni tí yóò bá wọn dì í. Ọ̀rọ̀ ìdì yìí ló dùn mí jù. Aṣọ tí olówó rẹ̀ kò lè dá wọ̀, tí ó sì gbọ́dọ̀ sanwó fún ẹlòmíràn kí ó tó lè bò ó lára, àlejò ni aṣọ bẹ́ẹ̀ nínú ilé ara rẹ̀.

Ìjọba náà ṣì wà lójú ọ̀nà méjì tí Meiji là. Nígbà tí Ọba Naruhito gorí ìtẹ́ ní ọjọ́ 1 oṣù Karùn-ún ọdún 2019, aṣọ òyìnbó onírù ló wọ̀. Nígbà ayẹyẹ ìwúyè ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹwàá ọdún kan náà, ó wọ aṣọ ààfin àtijọ́, Olorì Masako sì wọ aṣọ ìpele-ìpele ìgbà Heian. Ní ọdún yẹn kan náà ni Kim Kardashian, gbajúmọ̀ obìnrin ará Amẹ́ríkà, fẹ́ fi orúkọ Kimono ta àwọ̀tẹ́lẹ̀. Kadokawa Daisaku, olórí ìlú Kyoto nígbà náà, tó máa ń wọ kìmónò lọ síbi iṣẹ́, kọ̀wé sí i pé kí ó jọ̀wọ́ jáwọ́, nítorí ohun gbogbo ènìyàn ni orúkọ náà. Obìnrin náà yí orúkọ ọjà rẹ̀ padà. Inú àwọn ènìyàn dùn. Ẹ̀rín pa mí díẹ̀, nítorí àwọ̀tẹ́lẹ̀ kúkú ni bàbá ńlá kìmónò.

Bí a bá wá fẹ́ rí kìmónò tí kì í ṣe àlejò, ẹ jẹ́ kí a wo ìsàlẹ̀. Ẹ wo yukata, aṣọ òwú tí kò ní ìtẹ́nú, tí wọ́n ń wọ̀ tẹ́lẹ̀ bí wọ́n bá wẹ̀ tán. Kò sí ilé-ẹ̀kọ́ tó kà á sí nǹkan pàtàkì, ìdí nìyẹn tí ara fi tu ú. Àwọn ọ̀dọ́ ń wọ̀ ọ́ lọ wo iná aláràbarà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tọkùnrin tobìnrin. Àwọn olùjàkadì sumo kéékèèké ń wọ̀ ọ́ jáde nínú òtútù pàápàá, nítorí òfin ẹgbẹ́ wọn ni. Ẹ wo ọjà àlòkù, níbi tí kìmónò tí ìyá àgbà fi sílẹ̀ ti ń lọ ní owó tí kò tó ti bàtà tuntun. Àwọn ọ̀dọ́bìnrin ń rà á, wọ́n ń wọ ṣẹ́ẹ̀tì sábẹ́ rẹ̀, wọ́n ń fi bẹ́líìtì dípò ọ̀já, wọ́n ń wọ bàtà aláwọ sí i. Àwọn àgbà kan a máa dá wọn dúró lójú títì láti bá wọn wí, àwọn ọmọ náà sì ti sọ wọ́n lórúkọ: ọlọ́pàá kìmónò. Èmi wà lẹ́yìn àwọn ọmọ. Ohun tí wọ́n ń ṣe kò burú ju èyí tí àwọn ọlọ́jà Edo ṣe lọ.

Ibi tí ẹ̀rù ti ń bà mí ni ibi tí àlòkù kò lè dé. Púpọ̀ nínú kìmónò tí àwọn arìnrìn-àjò ń yá wọ̀ ní ìgboro Kyoto jẹ́ pọlísítà; púpọ̀ nínú èyí tó jẹ́ ṣẹ́dà pàápàá, Vietnam ni wọ́n ti ń fọwọ́ rán an. Yuki, ní ìhà àríwá Tokyo, wà lára àwọn ibi tó ṣẹ́kù tí wọ́n ti ń fọwọ́ fa òwú láti inú ìràwú ṣẹ́dà. Obìnrin tó ń fà á a máa fi itọ́ ẹnu rẹ̀ mú okùn náà lẹ̀ pọ̀, kò ní lọ́ ọ rárá, nítorí náà aṣọ rẹ̀ fúyẹ́, ó sì ń móoru. Ẹni tó ń hun ún a fi ìbàdí ara rẹ̀ fa òwú náà le, bí ó bá fara sẹ́yìn òwú a le, bí ó bá fara síwájú a dẹ̀. Ìjọba Jàpáànì kà á sí ohun ìṣúra lọ́dún 1956, UNESCO sì kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé lọ́dún 2010. Fífa òwú tí yóò tó kìmónò kan ń gba ọ̀pọ̀ oṣù. Àwọn tó ń fà á ti dàgbà, àwọn ọmọ wọn sì wà ní ọ́fíìsì ní Tokyo.